Bí A Ṣe Túfọ̀ Ọkọ̀ Abẹ́ Omi ní Altona

Òórùn tíì dúdú tí wọ́n po jáàmù mọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ilé Màmá ní Altona. Nínú gíláàsì ni ó ti ń mu ún, kì í ṣe nínú kọ́ọ̀pù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Rọ́ṣíà tí ó tọ́ ọ dàgbà ṣe ń mu ún. Èmi ń gbé ní Veddel nígbà náà, erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá èbúté Hamburg, níbi tí ó dà bí ẹni pé gbogbo ayé kó ẹrù wọn wá sọ̀ sí. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ sí Altona láti lọ tọ́jú ìyá arúgbó yìí tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń wọṣọ fún un, mo ń dáná, bí oòrùn bá sì yọ, mo ń tì í jáde lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ti rọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà ni, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. N kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí mo fi bi Màmá léèrè ẹni tó wà nínú àwòrán kan lára ògiri, ọkùnrin onírùngbọ̀n kékeré kan tó dé fìlà àwọn ọmọ ogun ojú omi.

"Bàbá àgbà mi ni," ni ó wí. "Ọkọ̀ abẹ́ omi ti Rọ́ṣíà ni ó bá lọ."

Inú mi dùn. "Háà, Màmá, mo mọ ọkọ̀ yẹn! Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja!"

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ abẹ́ omi ńlá kan tí ó jẹ́ ti Rọ́ṣíà wà lórí odò Elbe níbẹ̀, tí àwọn àlejò ń wọ̀ wò. Èmi fúnra mi ti wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo sì fi orí gbá irin. Màmá tẹjú mọ́ mi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé.

"Ọmọ," ni ó wí, "bí ó bá jẹ́ pé ọjà ẹja ni ó wà, ǹ bá ti máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un."

Ọjọ́ yẹn ni ó sọ ìtàn náà fún mi. Ọkọ̀ tí bàbá àgbà rẹ̀ wọ̀ kéré sí èyí tí mo rí yẹn púpọ̀púpọ̀. Ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ lábẹ́ omi ni wọ́n kàn án, wọ́n sì fi orúkọ ẹja sọ ọ́. Èéfín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa ta àwọn tó wà nínú rẹ̀ lójú, ẹ̀gbẹ́ àdó olóró ni wọ́n sì ń sùn. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kúrò ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù ti ń mú, ó forí lé òkun Baltic, kò sì padà mọ́. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó rì. Kò sí òkú kan tí omi gbé wá sétí òkun, kò sí fìlà kan tó léfòó.

Ìyàwó ọkùnrin náà dúró dè é. Nígbà tí ìlú dàrú ní Rọ́ṣíà, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sá wá sí Berlin, ó sì gba yàrá ní Schöneberg. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti bí Màmá, ìyá àgbà yìí ni ó sì tọ́ Màmá dàgbà. Kò wọ aṣọ opó rí. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan wà lórí ọkọ̀ náà, ó lè jẹ́ pé ọkọ òun ti gba ibẹ̀ jáde, kí àwọn apẹja ilẹ̀ Swídìn sì ti gbé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tan àbẹ́là fún alààyè, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tàn án fún òkú. Ọ̀dọ̀ àwọn alààyè ni ó ti ń tan ti ọkọ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nígbà tó kú, Màmá gba iṣẹ́ náà ṣe. Màmá wá lọ́kọ ní Hamburg, ó bímọ, ó di opó, ó darúgbó, síbẹ̀ kò gbé àbẹ́là náà kúrò níbi tó wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Èmi náà a máa ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi: bí ọkùnrin yìí bá ṣì wà láyé, a fi kí á lọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Bíbélì, lọ́dọ̀ àwọn Mètúsélà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ìgbà kan péré ni mo béèrè ìdí rẹ̀.

"Mo ṣèlérí fún ìyá àgbà mi pé n kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú láìjẹ́ pé mo mọ̀ dájú," ni Màmá dá mi lóhùn. "Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú, ọmọ. Ohun mìíràn kò kù tí mò ń dúró dè."

Ọmọkùnrin kan ni Màmá bí, òun náà sì ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Berlin ni ó ń gbé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. A máa pe ìyá rẹ̀ déédéé, a sì máa bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pe fóònù tèmi.

"Wọ́n ti rí ọkọ̀ bàbá àgbà Màmá," ni ó wí. "Àwọn òmùwẹ̀ kan rí i nísàlẹ̀ òkun. Ó wà nínú ìwé ìròyìn. N kò lè dé títí di ìparí ọ̀sẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un."

Bí ẹni ní kí n ra búrẹ́dì bọ̀ ni ó ṣe sọ ọ́. Ó fi ojú ewé ìwé ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì ní kíṣìnnì, mo wo àwọn àwòrán inú rẹ̀ dáadáa. Ikú ni èyí, wọ́n sì ní kí èmi nìkan túfọ̀ rẹ̀ fún àgbàlagbà! Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tí kò tíì jẹun, wọn kì í sì í rán ọmọdé kan ṣoṣo ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ni í lọ, wọn a jókòó, wọn a gba ẹ̀yìn gba iwájú, títí ọkàn onítọ̀hún yóò fi kọ́kọ́ débẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mọ orin ilé ìwé. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ bátìrì rédíò tí Màmá fi ń gbọ́ ìròyìn lédè Rọ́ṣíà, mo fi wọ́n sápò.

"Rédíò ti bàjẹ́, Màmá."

Ó wò mí, ó sì yí bọ́tìnnì rédíò náà lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo gba ọ̀dọ̀ Àǹtí lọ. Àǹtí kì í ṣe ẹbí mi. Òun ni ó ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra gàrí àti èlùbọ́ ní Veddel, gbogbo wa tó jẹ́ Yorùbá níbẹ̀ ni a sì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá a. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ télọ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà.

"Má sọ ọ́ o," ni Àǹtí wí kí n tó sọ ọ́ tán. "Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé bàbá náà ni? Kí àwọn ọlọ́pàá Polizei wá máa bi ọ́ pé kí ni o sọ fún wọn?"

"Ọmọ wọn ló ní kí n sọ ọ́, Àǹtí."

"Ọmọ wọn dà? Ó wà ní Berlin, ó ń tẹ fóònù. Ó kù kí ó kọ ọ́ sí WhatsApp, kí ó ya òdòdó sí i lẹ́yìn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Ikú ọjọ́ wo tilẹ̀ ni?" ni ọkọ Àǹtí béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ti ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni, sà."

"Àkọ́kọ́! Èyí tí ó ṣáájú ti Hitler? Kí ni ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí?"

"Dádì, ta ló bá yín sọ̀rọ̀?" ni Àǹtí wí. "Ẹ máa rán ṣòkòtò oníṣòkòtò lọ."

"Mò ń rán an. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kú, a ó sunkún rẹ̀, a ó sì nujú. Ẹni tó nù ńkọ́? Ìyá yẹn ti ń wo ọ̀nà láti kékeré. Ta ló ti ní kí wọ́n jókòó sinmi?"

Àǹtí yíjú sí pẹpẹ ọjà. Ó to àwọn agolo tòmátì kan, ó tún wọn tò. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí a ó bá sọ ọ́, a ó sọ ọ́ bí ọmọ ènìyàn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó lọ. Rí i pé wọ́n ti jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Màmá ti jẹ búrẹ́dì dúdú àti ẹyin rẹ̀ tán, àwọn tọkọtaya náà tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe dúdú, kì í sì í ṣe ti ayẹyẹ. Àǹtí mú ọsàn dání. Ọkọ rẹ̀ ṣí fìlà, ó kí Màmá lédè Jámánì, ó jókòó sétí àga bí ẹni ń dúró de dókítà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, wọ́n wá kí wa ni. Màmá ní kí n bu tíì fún wọn.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Jámánì tí ó fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ni ó ń sọ.

"Màmá, ẹ rí ayé yìí, ọjà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni?" ni Màmá wí.

"Ọjà ni. Olúkúlùkù ń ná tirẹ̀, bó pẹ́ bó yá, olúkúlùkù á relé."

Màmá yíjú sí mi. "Kí ni ìyáàfin yìí fẹ́ tà?"

Ọkọ Àǹtí rò pé òun yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyàwó òun. Ó ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde lédè Jámánì, bí ẹni ń kìlọ̀ fún Màmá pé kí ó má wọkọ̀ ojú omi ni. Èmi dúró lẹ́yìn àga, mo ń mi orí, inú mi sì ń dùn pé gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Bí mo bá rántí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn àga yẹn lónìí, mo máa ń fẹ́ fà á létí.

Màmá wo rédíò tí kò sọ̀rọ̀. Ó wo èmi. Ó wo àwọn àlejò méjèèjì tí wọn kò fọwọ́ kan tíì wọn. Ó gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi ni," ni ó wí. "Ọmọ mi ti kú."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Àǹtí wí, èyí tó burú ju gbogbo ohun tó ti sọ lọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Màmá ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó di apá àga mú, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e.

Mo pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì fi fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ní kí ó tún sọ̀rọ̀, ó tún gbọ́ ọ. Ó jẹ́ kí fóònù bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Kí wá ni?" ni ó bi mí. "Sọ ọ́. Má yí i."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Màmá, wọ́n ti rí ọkọ̀ bàbá àgbà yín. Ó wà nísàlẹ̀ òkun. Àdó olóró ni ó gé e sí méjì."

Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọdé tó ń béèrè ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má béèrè.

"Ilẹ̀kùn orí rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣí ni, àbí ó tì?"

Mo ti wo àwòrán náà. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wù mí kí n sọ pé n kò mọ̀.

"Ó tì, Màmá."

Ó mi orí. Àǹtí bá dìde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó sanra, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kú aráfẹ́rakù, Màmá," ni wọ́n wí ní Yorùbá, nítorí pé Jámánì ti tán lẹ́nu wọn.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń bá yín kẹ́dùn ni, Màmá. Wọ́n ń kí yín kú ọ̀fọ̀ bàbá àgbà yín."

"Kí wọ́n tún un sọ."

Wọ́n tún un sọ. Màmá ní, "Kò sí ẹni tó sọ èyí fún ìyá àgbà mi rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé bí àwọn bá kí i, àwọn ti pa ọkọ rẹ̀ nìyẹn." Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé. Àǹtí gbé orí rẹ̀ lé àyà, ó ń sọ pé, "Ẹ sunkún, Màmá. Ẹ sun ún dáadáa." Ọ̀sán ni wọ́n tó lọ. Ọkọ Àǹtí, tí kì í lè jókòó lásán, ti rán etí kọ́tìnnì Màmá tó ti ya kí wọ́n tó dìde.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí mo máa ń tì í lọ. Màmá na ọwọ́ sí òdì kejì, níbi àbẹ́là àwọn òkú. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà.

Nígbà tí ojú ọjọ́ gbóná díẹ̀, mo mú un lọ sí Berlin. Ọmọ rẹ̀ wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó fi mọ́tò gbé wa lọ sí itẹ́ òkú tí wọ́n sin ìyá àgbà náà sí. Nígbà tí ibojì náà hàn lọ́ọ̀ọ́kán, Màmá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

"Abilékọ ni nígbà tó kú," ni ó wí. "Bí mo bá sọ fún un, èmi ni mo sọ ọ́ di opó. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe nílé yín?"

Mo sọ ohun tí mo gbà gbọ́. "Nílé wa, Màmá, àwọn òkú ti mọ̀. Àwa tó wà láyé ni a máa ń gbẹ́yìn gbọ́."

"Kí ni mo wá wá ṣe?"

"Ẹ wá kí wọn ni. Wọn kò tíì rí ẹni kí wọn."

Ó ronú sí i, ó sì ní kí n máa tì í lọ. Mo tì í dé ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, èmi àti ọmọ rẹ̀ sì lọ dúró lábẹ́ igi. Ó fọwọ́ lé òkúta, ó sọ̀rọ̀ lédè Rọ́ṣíà, ó sọ ọ́ pẹ́, nígbà mìíràn a dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń jẹ́ kí ẹnìkejì fèsì. Nígbà tí a ń padà lọ sídìí mọ́tò, mo bi í bóyá ó sọ ọ́.

"Mo kí i," ni ó wí. "Mo sì sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà fún un. Ìyókù, kí ó bi ọkọ rẹ̀."

Màmá kò lò ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Èmi náà ti di ará Berlin báyìí. Schöneberg ni iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá. Bí mo bá fi Yorùbá pe àwọn ọmọ mi, Jámánì ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo ti pẹ́ níhìn-ín débi pé èmi gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún nílé. Àbúrò ìyá mi kan kú, ọdún kan kọjá kí n tó gbọ́. Nígbàkígbà tí mo bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, èmi náà á sì ní kí wọ́n bá mi kí i. N kò bínú sí wọn. Mo mọ ìfẹ́ tó wà nínú irọ́ náà. Èmi náà ti fi bátìrì rédíò sápò rí.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àbúrò mi ọkùnrin, tí òun àti ìyá wa jọ ń gbé, pé bí ohun kan bá ṣe Ìyá, kí ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè òkun yìí! Ta ló ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?" Ó ní Ìyá wà dáadáa. Ó ní wọ́n jẹun, wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí ó lọ pè wọ́n wá fún mi. Ó ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, kí n jẹ́ kí òun bá mi kí wọn. Mo ní rárá, mo ní àkókò, n ó dúró. Mo fi fóònù sétí, mo dúró lójú fèrèsé, títí mo fi gbọ́ bàtà Ìyá tó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀, tí Ìyá sì ń bínú lọ́nà pé ta ni ó ń pe òun lásìkò yìí.